Orí Kẹta: Ohùn Ṣọlápé Lára Ògiri

Nígbà tí ohùn Ṣọlápé bú sẹ́kún lára ògiri, Oyèdìran ti na àtàǹpàkò rẹ̀ tán. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti dìde lórí àga tí kì í fẹ́ dìde lórí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Ṣọlápé, ìyàwó rẹ̀, ti kú, fìlà rẹ̀ ti jábọ́ sílẹ̀, ó sì ń fọwọ́ wá ojú dígí alágbàsọ, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tí Ilé Omi kàn mọ́ ògiri, kiri bí ẹni tó ń wá ìlẹ̀kùn nínú òkùnkùn.

"Bàbá Rẹ̀mí," ohùn náà wí, "àwọn ará Ilé Omi ti dé o. Wọ́n ní owó oṣù tó kọjá kò pé. Bí oòrùn bá yẹ àtàrí tí ẹ ò tíì san án, wọ́n á ti omi, wọ́n á sì pa ohùn mi rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí n kú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbi tó ń tàn yẹn."

Ibi tó ń tàn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó pupa, ó ń ṣẹ́jú.

Morẹ́nikẹ́, àbúrò Oyèdìran lóbìnrin, ju aṣọ ìbòòrùn tó ń rán sílẹ̀, ó sì sáré dìde. Ẹ má rò pé ó sáré láti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró o. Ó sáré láti ràn án lọ́wọ́ ni. Ojú Oyèdìran ti ń ṣe bàìbàì, àtàǹpàkò rẹ̀ ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Morẹ́nikẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè bá a gbé e síbi tó yẹ. Ẹkún ti gba ojú òun náà. Ta ni yóò gbọ́ ẹkún Ṣọlápé tí kò ní sáré? Obìnrin náà kò sunkún nígbà tí òkun wọ ilé wọn ní etíkun. Kò sunkún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gun òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, nígbà tí àwọn ọkùnrin gan-an ń nu omi lójú. Bó bá wá ń sunkún lónìí, lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti sin ín, ọ̀ràn náà kọjá àfẹnusọ.

Ohùn náà wá kọjú sí Morẹ́nikẹ́. "Morẹ́nikẹ́, jọ̀ọ́, bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ. Kó ṣe kíá."

Ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ tó ń ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ ìdí rẹ̀. Ohùn Ṣọlápé ni, kò sí iyèméjì: bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ikọ́ kékeré tó máa ń wọ àárín gbólóhùn rẹ̀. Síbẹ̀ ó dà bí ìgbà téèyàn bá ń jẹ ìrẹsì tó dùn, tí eyín wá kan òkúta.

"Ẹ dúró ná, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? O ò rí i pé oòrùn ń yẹ̀?"

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró."

Ó fa aṣọ ìbòòrùn tó ń rán nílẹ̀, ó sì fi bo alágbàsọ láti òkè délẹ̀. Ẹkún náà dá wáí. Bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí nìyẹn: bí wọn ò bá rí ojú èèyàn níwájú wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà máa kéde gbèsè onílé fún ilé òfìfo. Bóyá aṣọ sì ń dí etí wọn bó ṣe ń dí ojú wọn, ẹnikẹ́ni ní Òkè-Àsálà, ìlú tí wọ́n sá fún òkun wá yìí, kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Nítorí náà Morẹ́nikẹ́ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú un jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ògiri létí, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Wọn ò kàn mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá lẹ́nu ni.

Ẹ̀yìnkùlé náà kò ju ibi téèyàn méjì lè dúró sí lọ. Táńkì omi wà níbẹ̀, àwo òjò sì wà lórí òrùlé, èyí tí Ilé Omi fi ń ka iye òjò tó rọ̀ sórí ilé kọ̀ọ̀kan, torí òjò pàápàá ti ní olówó rẹ̀. Kò sí kànga. Láti ìgbà tí òkun ti wọ abẹ́ ilẹ̀, ibi yòówù téèyàn bá gbẹ́, omi iyọ̀ ni yóò bá.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Morẹ́nikẹ́ wí, "ìyàwó wa kọ́ nìyẹn."

"Ṣé mi ò mọ ohùn ìyàwó mi ni?"

"Ohùn rẹ̀ ni. Òun kọ́."

Oyèdìran wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Ó ga, ó ti gbẹ. Láti ọdún méjì yìí aṣọ rẹ̀ ti wá tóbi jù ú lọ. "Ṣàlàyé ara ẹ."

"Ó pè mí ní Morẹ́nikẹ́."

"Kì í ha ṣe orúkọ ẹ ni?"

"Lẹ́nu ẹ̀yin ni. Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí?"

Oyèdìran gbé ọwọ́ sórí, kò bá fìlà níbẹ̀.

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ì báà ṣe ọmọ tó ń rákò, bó bá ti ṣáájú rẹ̀ dé agbo ilé náà, ọkọ rẹ̀ ni, yóò sì wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Ní ọjọ́ tí wọ́n mú Ṣọlápé wọlé, nígbà tí ilé wọn ṣì wà létíkun, wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lójú àwọn àna. Gbogbo àgbà ló ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọmọdébìnrin kan ló bú sẹ́rìn-ín, Morẹ́nikẹ́ ni. Ìyàwó tuntun náà ṣí ìbòjú, ó wò ó. "Èyí tó ń fi mí rẹ́rìn-ín yìí," ó ní, "eyín ẹ̀ mà funfun o. Eyínfúnjowó lèmi ó máa pè é." Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Eyínfúnjowó, wá jẹun. Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ta ló bí ẹ nínú? Nígbà tí òkun gbé ọkọ tí Morẹ́nikẹ́ fẹ́ lọ, tó sì padà wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìní ju aṣọ tó wọ̀ lọ, Ṣọlápé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Eyínfúnjowó ti dé. Ilé wá kún."

Ó sì ti di àwàdà nínú ilé, bí Ṣọlápé ṣe yọ akọ̀wé Ilé Omi lẹ́nu. Ìgbà tí irọ́ ti pọ̀ lójú dígí, tí olè ń kọ̀wé bí ìjọba, tó ń kọ̀wé bí ilé ìfowópamọ́, ni Ilé Omi sọ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan fi ohùn ẹnì kan sílẹ̀, kó jẹ́ pé ohùn ará ilé ni yóò máa sọ fún ará ilé pé owó ti tó san. Ṣọlápé lọ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ní kó pe orúkọ gbogbo ará ilé sínú ẹ̀rọ. Ṣọlápé ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Màmá, ẹ pe orúkọ wọn."

"Èmi? Kí n pe ọkọ mi lórúkọ? Ṣé kò sí ẹni tó kọ́ ẹ nílé ni?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, akọ̀wé ń làágùn. Nígbẹ̀yìn, Morẹ́nikẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún ìwé wọn, Ṣọlápé sì fi Eyínfúnjowó sínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi jẹ́ méjì ní Ilé Omi: èyí tó wà nínú ìwé, àti èyí tó wà lẹ́nu Ṣọlápé.

"Ẹni tó pè wá yẹn," Morẹ́nikẹ́ wí ní ẹ̀yìnkùlé, "ó ti jí ìwé, ó ti jí ohùn. Kò rí ìwà jí."

"Ìdààmú lè mú kéèyàn gbàgbé," Oyèdìran wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Àbí ikú ti tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú."

"Ní ọsibítù, nígbà tí kò mọ ẹ̀yin alára mọ́, tó ń bi yín bóyá dókítà ni yín, kí ló pè mí?"

Oyèdìran mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ tún gbọ́," Morẹ́nikẹ́ ń bá a lọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí àánú rẹ̀ ń ṣe é. "Ọjọ́ kìíní oṣù ni ìyàwó mi máa ń dé. Ṣé ọjọ́ kìíní oṣù lòní? Ìgbà wo ló kánjú yín rí? Ó máa ń ní kẹ́ ẹ fara balẹ̀, kẹ́ ẹ lọ san án lójú fèrèsé wọn. Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó sílé kẹ́ ẹ máa tẹ àtàǹpàkò sójú iná? Ìyá Ṣẹ̀gilọlá tẹ tirẹ̀. Ẹ kúkú rí i."

Gbogbo àdúgbò ló rí i. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló pè é, ó ní wọ́n ti fẹ́ já iná rẹ̀. Ìyá náà sáré tẹ̀ ẹ́. Ní Òkè-Àsálà, àtàǹpàkò èèyàn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: òun ló fi ń gba omi, òun ló fi ń gba oògùn, òun ló fi ń wọ ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ti fi í gba gbogbo ohun tó ní, ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ ń húkọ́ afẹ́fẹ́. Ní báyìí, bó bá rí ọmọ náà lójúkojú pàápàá, yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án lójú kó tó kí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Oyèdìran yí padà, ó wọlé. Kí Morẹ́nikẹ́ tó bá a, ó ti ká aṣọ kúrò lójú alágbàsọ.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ̀yin náà ti fi mí sílẹ̀?" Ẹkún ló tún fi bẹ̀rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tọ́jú orúkọ náà sẹ́yìn eyín, kò jẹ́ kó jáde. "Ìyàwó mi," ó ní, "kí lo máa ń pè mí?"

"Morẹ́nikẹ́, ṣé ìgbà ìbéèrè nìyí? Oòrùn ń lọ. Bá mi gbé ọwọ́ rẹ̀."

Èjìká Oyèdìran wálẹ̀. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì yé e. Ohun tí Morẹ́nikẹ́ kò retí ni pé, pẹ̀lú yíyé tó yé e, ó tún na àtàǹpàkò rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo ti mọ̀. Olè ni." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ṣùgbọ́n ó ń sunkún. Mi ò lè dúró kí ohùn yẹn máa sunkún níwájú mi kí n má ṣe nǹkan kan. Jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́."

Morẹ́nikẹ́ bo ẹ̀rọ náà padà. Ó kó apá mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú un jókòó, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ tán, Morẹ́nikẹ́ lọ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi. Omi ń dà, ó mọ́, ó tutù. Kò sẹ́ni tó tì í. Oyèdìran ń gbọ́ bó ṣe ń dà, ó fọwọ́ bojú, ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Olè tó jí ohùn kò ní pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan kó lọ sùn. Morẹ́nikẹ́ a máa lọ ta aṣọ ìbòòrùn sórí òrùlé àwọn olórùlé; bó bá jáde, ta ni yóò di ọwọ́ Oyèdìran mú? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Kí wọ́n lọ sí Ilé Omi, kí wọ́n ní olè ti ń fi ohùn ilé àwọn tọrọ owó, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí akọ̀wé yóò bi wọ́n ni pé ohùn ta ni. Ohun tí wọ́n sì kọ gàgàrà sára ògiri ibẹ̀ ni: OHÙN ÒKÚ KÌ Í GBOWÓ LỌ́WỌ́ ALÁÀYÈ. Òfin ni. Bí ẹni tó fi ohùn sílẹ̀ bá kú, kí wọ́n wá sọ. Wọ́n á pa ohùn rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Wọn ò sọ. Nígbà tí wọ́n sin Ṣọlápé tán, Oyèdìran ní kí wọ́n jẹ́ kí ara tù òun díẹ̀. Oṣù yí, ohùn náà dé, ó ní Bàbá Rẹ̀mí, ẹ kú ojúmọ́. Oyèdìran sì jẹun lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ọjọ́ kìíní oṣù ló di ọdún nínú ilé wọn. Yóò fá irùngbọ̀n rẹ̀, yóò wọ aṣọ tó mọ́, yóò jókòó síwájú ògiri. Ẹlòmíràn a máa sá fún ẹni tó bá wá béèrè owó. Oyèdìran ń retí rẹ̀.

Ìwọ Morẹ́nikẹ́ ńkọ́, kí ló dé tí o ò rọ̀ ọ́ kó lọ sọ? Ó bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, aṣọ lórí itan, kò rán nǹkan kan. Kò sì fara pa mọ́ fún ìdáhùn náà. Gbogbo ẹni tó wà ní agbo ilé wọn àtijọ́, títí kan Rẹ̀mí ọmọ Oyèdìran, ni òkun àti ọjọ́ ti tú ká. Kò sí ẹnì kan tó kù láyé tó ń pè é ní Eyínfúnjowó, àfi ògiri yẹn. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ọmọdébìnrin tó rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ti kú náà nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ń lọ sí Ilé Omi. Oyèdìran dìde lórí àga. Ó rìn wá síwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn mú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

Morẹ́nikẹ́ kígbe. Ẹ̀gbọ́n tó gbé e pọ̀n. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fà á lápá. "Ẹ dìde, Bọ̀ọ̀dá mi. Kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe láyé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Kì í ṣe pé kí o má lọ," Oyèdìran wí, àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Jẹ́ kó di ọjọ́ kìíní oṣù. Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó jẹ́ tiwa gangan. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi fúnra mi ni ó sìn ẹ́ lọ."

Morẹ́nikẹ́ gbà fún un. Títí oṣù fi yí, kò lọ ta aṣọ sórí òrùlé ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílé, ó ń ṣọ́ àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nítòsí iná. Bí olè náà bá dé, aṣọ ni. Nígbà mìíràn á ní owó omi ni, nígbà mìíràn á ní ìtanràn ni, ó sì di ọjọ́ kan tó ní Ilé Omi ti dá owó padà fún wọn, kí Oyèdìran kàn tẹ̀ ẹ́ kó fi gbà á. Ẹkún lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín lọ́jọ́ kejì, àtàǹpàkò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wá.

Ọjọ́ kìíní oṣù pé. Oyèdìran wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ dàǹsíkí funfun tí Ṣọlápé fẹ́ràn. Morẹ́nikẹ́ ká aṣọ kúrò. Bí oòrùn ṣe ń yọ, iná kékeré kan tàn lójú dígí. Kò pupa, kò ṣẹ́jú.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ kú ojúmọ́ o," Ṣọlápé wí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀. "Owó omi oṣù yìí ti tó san. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Bí ara yín bá ti le, kẹ́ ẹ rọra lọ san án lójú fèrèsé wọn, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹ mú agbòjò dání. Eyínfúnjowó, ọkọ mi, má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé o."

Iná náà kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe máa ń rí lóṣooṣù nìyẹn.

"Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbàgbé," Morẹ́nikẹ́ dá a lóhùn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Oyèdìran mú agbòjò. Òjò kò ṣú rárá.

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju Rẹ̀mí ọmọ Oyèdìran lọ lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ kí wọn kó tó jókòó padà. Morẹ́nikẹ́ san owó omi, ó wá sọ tẹnu rẹ̀, pé olè ti ń fi ohùn ilé àwọn pe àwọn.

"Ẹ ò tẹ nǹkan kan?" akọ̀wé béèrè.

"A ò tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ohùn ta ni?"

Oyèdìran ló sọ̀rọ̀. "Ohùn ìyàwó mi ni. Ṣọlápé ni wọ́n ń pè é."

"Màmá fúnra wọn gbọ́dọ̀ wá, Bàbá."

"Kò lè wá. Ọdún méjì rèé tí a ti sin ín."

Akọ̀wé gbójú sókè wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, bí ẹni pé kì í ṣe abẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó lójoojúmọ́. Kò jágbe mọ́ wọn. "Bàbá tèmi náà ò sọ nígbà tí màmá wa kú," ó ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Títí olè fi kó gbogbo nǹkan wọn tán."

"Ṣé ẹ ò lè pa ti olè rẹ́ kẹ́ ẹ fi tiwa sílẹ̀?" Morẹ́nikẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Tiwa ò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí."

"Ọwọ́ wa ò tó ti olè, Màmá. Ẹni tó bá ti jí ohùn, ó ti jí i náà nìyẹn, wọ́n ṣì máa pè yín. Àmọ́ láti òní lọ, bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn Màmá lára ògiri, ẹ ò ní máa ṣe bóyá àwọn ni, bóyá àwọn kọ́. Olè ni. Kò ní sí bóyá mọ́."

Kò ní sí bóyá mọ́. Oyèdìran mi orí, ó gbà. Ọ̀rọ̀ bóyá yẹn gan-an ló sì ti fi ń gbéra lórí àga láti ọdún méjì.

Akọ̀wé ti dígí kékeré kan síwájú rẹ̀. "Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí, Bàbá."

Àtàǹpàkò rẹ̀ tún ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí bíi ti ọjọ́ yẹn. Morẹ́nikẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bá a gbé e síbi tó yẹ, kò sì fà á sẹ́yìn. Oyèdìran tẹ̀ ẹ́, ohùn Ṣọlápé sì pa rẹ́ nínú ẹ̀rọ wọn.

Wọ́n ní kí Morẹ́nikẹ́ fi ohùn tirẹ̀ rọ́pò. Akọ̀wé bi í pé kí ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi." Ó bi í pé àwọn mìíràn tó wà nínú ilé ńkọ́.

"Kò sí ẹlòmíràn," Morẹ́nikẹ́ wí. "Èmi ló kù, n ò sì lè máa pe ara mi."

Wọ́n padà sílé. Oyèdìran wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó jókòó ti táńkì omi, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Morẹ́nikẹ́ ń ká aṣọ ìbòòrùn nínú yàrá nígbà tí iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára ògiri.

"Morẹ́nikẹ́," ohùn náà wí. Ó ń sunkún. "Morẹ́nikẹ́, ṣé o wà nílé?"

Ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ bó ṣe mọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó sì tún mọ̀ pé láti òwúrọ̀ yìí, ohun tó kù láyé nínú ohùn Ṣọlápé kò ju èyí lọ, lọ́wọ́ olè ló sì wà. Ó ń fa ọ̀rọ̀, ó ń wúkọ́ kékeré yẹn. Àwọn ẹ̀rọ olè kì í gbàgbé ohun téèyàn bá sọ fún wọn. Ó ṣáà ti ń pe orúkọ tó rí nínú ìwé. Bí Morẹ́nikẹ́ bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, kó ní, kì í ṣe bó o ṣe ń pè mí nìyẹn, bó o ṣe ń pè mí nìyí, kò ní ṣi í pè mọ́ láéláé. Yóò máa pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, títí òun náà yóò fi kú. Oyèdìran kò sì ní ní ohun tí yóò fi mọ irọ́ yàtọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá tún fẹ́ ṣe bóyá.

Orúkọ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó dé ẹ̀yìn eyín.

"Morẹ́nikẹ́, dá mi lóhùn," ohùn náà wí.

Ó na aṣọ náà, ó gbé e sókè, ó fi bo ojú dígí, ó sì rọra tẹ etí aṣọ náà mọ́ ọn lára bí wọ́n ṣe ń tẹ aṣọ mọ́ ẹni tó sùn. Lẹ́yìn náà ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé wá jẹun.